Àmì Tí Fuad Fi Sójú Ọ̀nà Ìgbálẹ̀

Fuad! Má rẹ́rìn-ín o. Mo ní má rẹ́rìn-ín! Ṣé ìwọ náà rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yìí? "Ìgbésẹ̀ kìíní." Kìíní, Fuad! Èmi Sàlímọ́tù tí mo ti jókòó sínú ọ́fíìsì wa ní Jahi l'Ábújá yìí láti àárọ̀, tí mò ń wo bí bíráúsà ṣe ń dá ṣí sáìtì ilé ìwòsàn yẹn fúnra rẹ̀, tó ń kọ orúkọ aláìsàn tí ẹnikẹ́ni ò bí, tó ń bá wọn gba ọjọ́ tí wọn máa rí dókítà, ó wá ku díẹ̀ kí ìdánwò tí a fi ń yẹ sáìtì náà wò parí, ni iná bá lọ! Iná dé, ìdánwò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀!

Kai! Mi ò tiẹ̀ bínú sí iná, iná ti mọ́ wa lára. Ta ló fọwọ́ sọ̀yà níwájú ọ̀gá lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ta ló ní, "Àǹtí Sàlímọ́tù, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti ṣe ìdánwò náà kó máa sàmì síbi tó bá dé, bí iná bá lọ tó dé, ibẹ̀ náà ló ti máa tẹ̀ síwájú"? Ìwọ kọ́? Mo sì gbà ọ́ gbọ́, mo tiẹ̀ ra súyà fún ọ!

Mo bá lọ wo àmì ọ̀hún. Ó wà lóòótọ́, n ò ní parọ́ mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n níbo lo fi í sí? Inú fódà tí ìdánwò yìí kọ́kọ́ máa ń gbá mọ́ tónítóní kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Ẹ gbà mí o! Bó ṣe jí, ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ mú, ó gbá àmì ara rẹ̀ dànù, ó wá ní òun ò mọ ibi tí òun dé. Ẹni tó bá fẹ́ rántí nǹkan, ṣé orí ààtàn ló máa ń lọ fi í sí?

Kí lo wí? Pé o dán an wò? O rí i pé ó sàmì, o pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ, o lọ jẹun. O ò dá a dúró láàárín kí o wò ó bóyá yóò padà síbi tó wà. Wallahi, súyà mi dùn mí.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni ti ìyá mi. Wọ́n ti Ìwó wá, mo sì ṣèlérí pé bí wọ́n bá ti sọ̀ ní gáréèjì Gwagwalada, ojú mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Wọ́n ti sọ̀ báyìí. Orí àpò gààrí ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń pè mí. Ọ̀gá sì ní àfi kí òun rí èsì ìdánwò yìí kílẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sáìtì ò ní ṣí lọ́la.

Nítorí náà, dìde. Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ. Mo ti gbé àmì rẹ kúrò lójú ọ̀nà ìgbálẹ̀, èmi á tún un bẹ̀rẹ̀, ìwọ lo máa lọ gbé Màmá wá. Má bẹ̀ mí, mi ò gbà! Kí o dọ̀bálẹ̀ dáadáa o. Wọ́n á máa ròyìn ìrìn àjò wọn fún ọ títí ẹ ó fi dé Jahi, àmọ́ gbọ́ o, má dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Bí o bá dá wọn dúró pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní, "Ibo ni mo tiẹ̀ sọ ọ́ dé ná?" wọ́n á sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti Ìwó!

Háà! Rẹ́rìn-ín báyìí, Fuad. Ṣebí o fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan? Rẹ́rìn-ín!