Yàrá Aṣọ Tí Àbúrò Mi Ń Tì Pa

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọmọge, tí n kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oríkèé ríro, aṣọ kò pọ̀ báyìí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ ní kí n sọ ti ayé àtijọ́ fún yín... màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́kàn mi lónìí, ìdí rẹ̀ ló wà láyé àtijọ́, orí rẹ̀ wà láyé ìsinsìnyí. Ojú mi ló ṣe. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí.

Télọ̀ ni bàbá wa. Ẹ̀yin kò bá a láyé. Aṣọ Iléyá, aṣọ ilé, aṣọ oko, ohun tí èèyàn ní nìyẹn. Bó bá gbó, wọ́n á gé e fún ọmọ. Bó bá gbó lára ọmọ, wọ́n á fi ṣe òṣùká. Ta ló ń kó aṣọ pamọ́ nígbà náà? Níbo ló ti rí i?

Ìrépé tó bá bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ maṣíìnì bàbá wa, èmi àti Gàníyù àbúrò mi la máa ń ṣà á. Màmá wa á fi ọwọ́ rán an pọ̀, ègé mọ́ ègé, títí á fi di ìbora. Òun la fi ń bora nígbà ọyẹ́. Màmá wa a máa sọ pé, "Ẹ má da ìrépé nù mọ́ ilẹ̀ o. Òtútù kì í béèrè bóyá aṣọ jẹ́ odindi."

Èmi ń ṣà á nítorí pé wọ́n ní ká ṣà á. Gàníyù ní tirẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Á tẹ́ ẹ sílẹ̀, pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, aláwọ̀ ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláwọ̀ ewé, á wá máa wò ó bí ẹni ń wo oúnjẹ. Bàbá wa á ní, "Gàníyù, ilé ìwé ni mo ní kí o lọ, n kò ní kí o wá sídìí maṣíìnì." Ó sì lọ ilé ìwé. Ó di tíṣà ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Odògbolú kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá rí i, tòun ti dígí lójú, á sá fún un. Ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ni èèyàn á máa ro ọ̀rọ̀ ìrépé aṣọ sí?

Ilé mi àti ilé rẹ̀, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ ilé ọkọ, wọ́n ti lọ ìdí iṣẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kúdí, tó ń ta abọ́ àti ike, ló kù sílé. Àti Múìbátù. Ọmọ àbúrò Ìyá Kúdí ni Múìbátù, láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Ìjagun, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń gbé. Ọmọ jẹ́jẹ́. Bó bá kí mi láàárọ̀, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń kánjú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọlọ́kadà ń gbé páálí wá fún Gàníyù. Lónìí páálí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ páálí. Mo bi í pé kí ni. Ó ní ìwé ni. Ó so àgádágodo mọ́ yàrá ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí tírà. Ìyàwó rẹ̀ bi í, ó ní ìwé ni. Ẹ gbọ́, tíṣà ni kẹ̀. Bí tíṣà bá ní ìwé ni, ta ló fẹ́ jiyàn?

Àfi ọjọ́ kan tí obìnrin kan tó ń ta àńkárá ní ọjà Òkè-Àjẹ rí Ìyá Kúdí. Ó ní, "Ẹ kú oríire o. A ò mọ̀ pé ọmọ kékeré tún wà nílé yín." Ìyá Kúdí ní ọmọ wo? Obìnrin yẹn ní ṣebí Tíṣà ló máa ń wá ra ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, olódòdó, ẹlẹ́yẹ, àwọ̀ tó ń tàn. Ọ̀pá kan kò lè tó àgbàlagbà, òun rò pé ọmọdébìnrin ni wọ́n fi ń rán aṣọ fún.

Ẹ bá mi rò ó. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ń ra aṣọ obìnrin, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kò sì gbé e wálé. Kí ni ẹ̀yin máa rò? Ohun tí ẹ rò yẹn náà ni Ìyá Kúdí rò. Ó wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní ọkọ òun ti bímọ síta. Mo ní kó fọwọ́ wọ́nú ná, kó jẹ́ ká fojú sílẹ̀.

Ibi tí a ti ń fojú sílẹ̀ ni àrán ti sọnù.

Àrán ìyá rẹ̀ ni. Ìró tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí obì tó pọ́n dáadáa. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á síhìn-ín, á dúdú. Bí ẹ bá pa á sọ́hùn-ún, á tàn. Ọdọọdún ló máa ń kó ẹrù inú àpótí síta kí oòrùn lè pa á. Lọ́dún yẹn, nígbà tó ń kó o padà, kò rí àrán. Ó wá a títí. Èèyàn mélòó ló wà nínú ilé? Ọkọ rẹ̀, òun, àti Múìbátù.

Ó pe ọmọ náà lólè. Ojú ọ̀nà ló ti pè é, lójú gbogbo àdúgbò, ariwo rẹ̀ ló gbé mi jáde. Múìbátù kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ tú ẹrù mi wò." Wọ́n tú u, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyá Kúdí ní ẹni tó jí aṣọ, ṣé inú ẹrù rẹ̀ ló máa kó o sí ni? Ó ní kó máa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ọmọ yẹn gbé àpò rẹ̀, kò tilẹ̀ sunkún, ó kàn ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó fẹ́ rántí ojú wa.

Mo wọlé lọ bá Gàníyù, kó wá bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wà ní pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Kò gbójú sókè. Mo ní ọkùnrin ni, kò fẹ́ dá sí ìjà obìnrin. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Láti ìgbà náà, inú ilé yẹn dákẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀, Ìyá Kúdí ní òun ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Àfi kí ọkọ òun sọ ilé tí ọmọ àlè rẹ̀ wà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá pè mí. A jókòó yí Gàníyù ká. Ìyá Kúdí sọ tirẹ̀, mo sọ tèmi. Mo ní, "Gàníyù, bí ọmọ bá wà, ọmọ wa ni. Mú un wá ká rí i."  Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ó ní ká máa bọ̀.

Ó ṣí yàrá ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ mi... mo ti lọ Mẹ́kà, mo ti rí èrò. N kò rí aṣọ tó báyẹn rí nínú ilé ẹnì kan. Ó kan pákó mọ́ ògiri láti ilẹ̀ títí dé àjà, aṣọ ló tò sí i. Pupa níbí, ó ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di dúdú. Àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Olódòdó, onílà, alámì. Maṣíìnì oníná, kì í ṣe ẹyọ kan. Abẹ kan wà tó rí roboto bí táyà kẹ̀kẹ́, tó bá ti tì í lórí aṣọ, á gé e lọ gbururu. Rúlà tó mọ́ gaara, tí èèyàn lè rí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù kékeré bí ohun ìṣeré ọmọdé. Irin kan tó ń fa abẹ́rẹ́ mọ́ra. Sísọ́ọ̀sì oríṣiríṣi, ta ni ń fi gbogbo ìyẹn gé aṣọ? Òmíràn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá, kò tíì já a rárá. Bàbá wa fi maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo àti sísọ́ọ̀sì kan rán aṣọ fún àdúgbò, ó fi tọ́ gbogbo wa.

Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní orí fóònù ni òun ti rí àwọn òyìnbó tó ń rán ìbora onírépé bíi ti màmá wa. Ó ní òun ra díẹ̀ láti fi gbìyànjú. Ó ní bí òun bá rí aṣọ tí òun ò ní irú rẹ̀, oorun kì í kùn òun mọ́. Ó tilẹ̀ ní ríra rẹ̀ ti ń dùn mọ́ òun ju rírán rẹ̀ lọ. Ó gbà pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun sọ, àgbàlagbà bíi tòun, ẹni tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń bẹ̀rù.

Ìyá Kúdí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìtura ni. Kò sí ọmọ, kò sí àlè, aṣọ lásán ni. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. A ṣì ń rẹ́rìn-ín tí Ìyá Kúdí fi yíjú sí ògiri ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìbora kan ló gbé kọ́ síbẹ̀, tí kò tíì parí. Iṣẹ́ ọwọ́ tó rẹwà ni, n kò ní purọ́. Ìràwọ̀ ńlá kan wà láàárín rẹ̀. Àwọ̀ obì tó pọ́n.

Ìyá Kúdí rìn lọ bá a. Ó fọwọ́ pa á síhìn-ín, ó dúdú. Ó pa á sọ́hùn-ún, ó tàn. Ó ní, "Bàbá Kúdí, àrán ìyá mi nìyí."

Gàníyù ní, "Òun ni. Orí àwọn àkísà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo rò pé o yọ ọ́ sọ́tọ̀ láti dà á nù ni. N kò rí irú àwọ̀ yẹn rí."

Ó bi í pé, "Nígbà tí mo lé Múìbátù, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀yin lẹ gé e?"

 Ó ní, "Mo ti mọ̀."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Mo ti sin ọkọ. Mo ti sin ọmọ. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn, n kò mọ bí n ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ṣe sí mi lára. Àbúrò mi. Ẹni tí mo pọ̀n. Ó jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ọlọ́mọ lólè, aṣọ náà sì wà lábẹ́ maṣíìnì rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, àwa á ní kí òun ṣí yàrá, a ó sì fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun fẹ́ parí ìbora náà, kí òun gbé e fún ìyàwó òun, kí inú rẹ̀ dùn, kí òun tó wá sọ ọ́.

Ìyá Kúdí kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, láàárín ìrépé. Ó ní, "Mo ba ọmọ àbúrò mi jẹ́." Ìyẹn nìkan ló ń sọ, léraléra.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ọmọ yẹn ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí. Ìyá rẹ̀ kò fún wa lómi, kò sì ní ká jókòó. Gàníyù sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan bò. Ó wá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin tó lè bí bàbá ọmọ náà. Múìbátù dì í mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ìta ni wọ́n ti pè mí lólè. Ìta ni kí ẹ ti sọ pé n kì í ṣe olè."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe kedere. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n ti kírun tán, tí àdúgbò pé, Gàníyù dúró síwájú ilé rẹ̀. Múìbátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń kún kíláàsì, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá kan fi ní, "Tíṣà, ẹ sọ ọ́ sókè, a ò gbọ́." Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti yàrá, ó sọ ti aṣọ, ó sọ ti àrán, ó ní òun mọ̀, òun sì dákẹ́. Ìyá Kúdí náà bẹ ọmọ náà níbẹ̀. Yẹ̀yẹ́ tí àbúrò mi ń sá fún yẹn, ẹnikẹ́ni kò ṣe é. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ìrépé. Dídákẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Múìbátù padà sílé ìwé. Gàníyù àti ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjagun ló ń gbé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó máa ń wá kí wọn, á jẹun, á bá wọn fọ abọ́, á sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò tíì sùn nínú ilé yẹn mọ́. Ìyá Kúdí ní tirẹ̀ mú ìkọ́ kékeré kan tí wọ́n fi ń tú rírán nínú ẹrù ọkọ rẹ̀, ó ń tú àrán yẹn kúrò lára ìbora, ojú abẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Ọkọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun bá a tú u, ó ní rárá.

Gàníyù kó aṣọ púpọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ó yọ àgádágodo. Ṣé ó wá jáwọ́? Kò jáwọ́ tán. Mo rí ọlọ́kadà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tòun ti páálí. Pálọ̀ ló ti ń tú u báyìí, lójú ìyàwó rẹ̀.

Láyé wa, a ò ní aṣọ tó kún yàrá, nítorí náà a ò mọ bí wọ́n ṣe ń ti yàrá lórí aṣọ. Ẹ̀yin, ẹ ní. Gbogbo nǹkan ló wà lórí fóònù yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á dé. N kò ní kí ẹ má fẹ́ràn nǹkan. Ohun tó bá wù yín, ẹ rà á, bí agbára yín bá ká a. Àmọ́ bí ó bá di pé wọ́n ń gbé ẹrù tiyín lé ẹlòmíràn lórí, tí ẹ sì wà ní pálọ̀ tí ẹ ń gbọ́... ẹ dìde. Ẹ jáde síta. Ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ọmọ ọlọ́mọ tó gbé àpò rẹ̀.

Hùn-ún. Ayé ọ̀hún ti yí o. Ó yí pátápátá.