Ẹni Tó Ń Tan Iná Ilé Inga

Ẹ̀yin ará erékùṣù wa, ẹ gbé ife tíì yín kalẹ̀. Sigurd aláwàdà lẹ mọ̀ mí sí, ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà níkùn mi tí kò jẹ́ kí n sùn mọ́. Inga, má dìde. Ìwọ gan-an ni mo ń bá wí.

Gbogbo yín mọ̀ pé ògiri kan ló pín ilé mi àti ti Inga. Wáyà iná kan náà la jọ ń lò: ó kọ́kọ́ wọ ilé mi kó tó kọjá sí tirẹ̀. Nígbà tí mo ra bátìrì tó ń fi iná oòrùn pamọ́, Erlend òṣìṣẹ́ iná wá bá mi. “Bàbá Sigurd, ẹ jẹ́ ká ya wáyà yín sọ́tọ̀. Tí iná ìlú bá lọ, bátìrì yín ò gbọdọ̀ rán iná jáde.” Mo ní, “Lọ ya irùngbọ̀n ẹ sọ́tọ̀!” Bó ṣe lọ, mo tú ohun tó yẹ kó dá iná náà dúró, mo fi suwíìṣì tèmi rọ́pò rẹ̀.

Ìjì dé, gbogbo erékùṣù ṣókùnkùn lọ́sàn-án. Mo tẹ suwíìṣì, mo ń dín ẹyin. Ni mo gbọ́ igbe Inga lára ògiri: “Tam! Tam ọkọ mi, ṣé ìwọ nìyẹn?” Mo yọjú lójú fèrèsé rẹ̀. Iná mi kò tó ilé méjì, gílóòbù rẹ̀ wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ojú ológbò, ó ń mí sókè sódò. Tam tí òkun gbé lọ, tí a ò rí òkú rẹ̀! Inga ní, “Tó bá jẹ́ ìwọ ni, tàn án lẹ́ẹ̀mejì.” Dípò kí n pariwo pé bátìrì mi ni, èmi òpònú sáré wọlé, mo tàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ṣé kí n gbé búrẹ́dì tí mo yan lọ fún Sigurd?” Ẹ̀ẹ̀mejì, kíákíá! Ó ní, “Tam, o ò mà fẹ́ràn ọ̀lẹ yẹn nígbà tó o wà láyé!” Mo rẹ́rìn-ín títí ẹyin mi fi jóná. Búrẹ́dì dé. Mo jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe ń jẹ́ Tam nìyẹn, ìjì lẹ́yìn ìjì. Nígbà òtútù tó kọjá yìí, atẹ́gùn ń ké lórí òrùlé, n ò gbọ́ ohun tí Inga bèèrè dáadáa. Mo ṣáà rò pé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni. Mo tàn án lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. N ò gbọ́ kó tì í. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè náà tó yé mi, àfi bíi pé ògiri ló ń tún un sọ sí mi létí: “Tam, ṣé kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ?”

Mo sáré. Omi òkun ti mù ún dé ìbàdí nígbà tí mo fà á. Ó ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. “Sigurd, Tam ló rán ẹ, àbí? Ó ní kò tíì tó àkókò?” Ẹ wo ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́! Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Erlend ti bá mi ya wáyà náà sọ́tọ̀ lánàá. Ìjì ń bọ̀ lọ́la, Inga. Tó o bá pe Tam, òkùnkùn ló máa dá ẹ lóhùn. Má rò pé ó ń bínú sí ẹ. Má lọ wá a létí òkun. Òkun ló kọ́kọ́ pa á; èmi ni mo pa á fún ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Dárí jì mí. Tó ò bá sì lè dárí jì mí, ṣáà máa gbá ògiri, máa bú mi, kí n lè mọ̀ pé o ṣì wà nílé.