Ìran Èké Tí Mo Fi Yọ Àwọn Áńgẹ́lì Onígi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tètè bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọdún tí wọ́n ṣe Olympics ní London. Ọkọ mi pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ìyá arúgbó kan ní kí n mú òun lọ síbì kan ní Sunday tó ń bọ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ní Woolwich, ní London níbí. A ra ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lẹ́bàá Dockyard lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ọmọ ìjọ ibẹ̀ tí wọn ò pọ̀ mọ́. Àwọn káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Dockyard yẹn ló kọ́ ọ láyé ijọ́un. Wọ́n gbẹ́ áńgẹ́lì sára àwọn igi àjà rẹ̀, ojú wọn dà bí ojú ẹni téèyàn mọ̀. N kò rí iṣẹ́ igi tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi ni mo ń tún inú ilé Olúwa ṣe. Ní Sátidé kan mo gbé àkàbà láìwòkè, ó gbá ìyẹ́ áńgẹ́lì kan, ìyẹ́ náà já bọ́, ó fọ́. Wòlíì wa kì í fi nǹkan ìjọ ṣeré.

Aríran ni mí nígbà náà. Bí mo bá ríran, ó máa ń ṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé a kì í bá aríran jiyàn. Nínú ìsìn ọjọ́ kejì, mo ní mo rí i pé àwọn ère yẹn ló ń dí àdúrà wa lọ́nà.

Irọ́ ni. N kò rí nǹkan kan. Mo rò pé wọ́n á kàn fi aṣọ funfun bò wọ́n ni, kí ìyẹ́ tó fọ́ lè fara pamọ́. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ará ìjọ ti fi ayùn rẹ́ gbogbo áńgẹ́lì náà, wọ́n dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé.

Òyìnbó kan tó ń gbé òdìkejì títì, Miss Dolly, rí èéfín. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ àwọn áńgẹ́lì yẹn. Ó sáré wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wa inú eérú. Mo sá wọlé. Láti ọjọ́ náà n kò ríran mọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣe carer ní Thamesmead, ta ni wọ́n gbé wá? Miss Dolly ni. Ìgbàgbé ti mú un. Kò mọ̀ mí, kò rántí iná yẹn, àwọn áńgẹ́lì nìkan ló kù sí i lọ́kàn. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, á ní, "Ṣé wọ́n ṣì wà lókè níbẹ̀?"

Màá ní, "Wọ́n wà, Mummy." Á rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mú mi lọ wò wọ́n kí n tó kú." Manager ti gbà fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ òtítọ́, yóò sunkún bíi pé òní ni wọ́n sun wọ́n. Lọ́la á ti gbàgbé, á tún bi mí. Bí mo bá mú un lọ, kí ni màá ní kó wò lókè?

Ó ní kí n bá òun lọ aṣọ òun tó dáa jù. Mo ti lọ̀ ọ́. Ó wà lára ìlẹ̀kùn rẹ̀ báyìí.