Ewé Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tú Lẹ́nu Géètì

Fọlákẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. O ní kóòtù ti ní kí ẹ dá ìyanṣẹ́lódì yín dúró, pé ọ̀la lẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú rẹ sì ń dùn. Ó dáa. Jókòó ti ìyá àgbà rẹ, kí n sọ tiwa fún ọ.

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbà fún mi, tí mo ń tẹ̀wé ní mínísírì kan ní Gàríkì níbí, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Kò sí wọ́sáàpù nígbà náà o. Bí a bá fẹ́ yanṣẹ́ lódì, a ó ṣẹ́ ẹ̀ka máńgòrò tútù, a ó so ó mọ́ géètì. Ẹni tó bá ti rí ewé yẹn, ó parí nìyẹn. Dírẹ́bà ò ní wọlé, akọ̀wé ò ní wọlé, ọ̀gá pàápàá á yí mọ́tò rẹ̀ padà. Abẹ́ igi máńgòrò yẹn náà la ó jókòó sí. Ìyá Èkìtì kan á gbé iyán wá, a ó jọ jẹ ẹ́… Kai. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, mi ò purọ́.

Dírẹ́bà kan wà, Bàbá Rónkẹ́, ará Ìsẹ́yìn. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ọ̀gá wa kan ní oko sí Abájí. Sọ́ńdè, Sọ́ńdè ló ń kó àwọn dírẹ́bà ìjọba lọ síbẹ̀, kí wọ́n lọ máa ru iṣu. Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀? Bàbá Rónkẹ́ ló dìde ní mítìn, ó ní, "Ọ̀gá, ìjọba ló gbà wá síṣẹ́, oko yín kọ́." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fún un ní lẹ́tà pé kó máa lọ sílé.

La bá so ewé. Ní ọjọ́ kẹta, òṣìṣẹ́ kóòtù mú ìwé wá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Wọ́n ní kí n kà á. Ìwé náà ní kí a padà sẹ́nu iṣẹ́ títí kóòtù yóò fi gbọ́ ẹjọ́ Bàbá Rónkẹ́. Èmi tí mi ò kí ń tàpá sófin, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tú ewé. Bàbá Rónkẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Màmá Bọ́lá, ẹ tú u. Òfin ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé èmi ò lè bá yín wọlé o."

Mo ní ṣé a lè gbàgbé ni?

A gbàgbé, ọmọ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́, bọ́ọ̀sì méjì la kún lọ sí kóòtù. Wọ́n sún un síwájú. Ìgbà kejì, bọ́ọ̀sì kan ò kún. Wọ́n tún sún un. Wọ́n gbé àwọn kan lọ sí ìpínlẹ̀ míì, àwọn kan ní iṣẹ́ pọ̀. Èmi náà… mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Irọ́ ni, ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí. Ìwé yẹn ní kí a padà sẹ́nu iṣẹ́ ni. Níbo ló ti ní kí a má jókòó ti ọkùnrin náà? Ó ń wa takisí ní Àpò, ó ń dá lọ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ó sì jàre. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, kóòtù ní wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé e torí pé ó gbẹnu sọ fún òṣìṣẹ́, pé kí wọ́n dá a padà. Ìdájọ́ yẹn dáa. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹnì kankan ò kó dírẹ́bà lọ sóko mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tó padà dé, mo bá a lórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ máńgòrò. Kakí rẹ̀ àtijọ́ ló wọ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo ní, "Bàbá Rónkẹ́, ẹ ò wọlé?"

Ó wojú mi. Ó ní, "Mẹ́gáàdì tuntun yẹn kí mi, sànnu, Baba. Ó bi mí pé ta ni mo wá rí. Màmá Bọ́lá, mi ò mọ orúkọ tí màá dá."

Orúkọ tèmi wà níbẹ̀, Fọlákẹ́. Kò dá a.

Ó ti kú báyìí. Ẹ gbọ́ràn sí kóòtù lẹ́nu, mi ò ní kí ẹ má gbọ́. Ẹ wọlé lọ́la. Àmọ́ obìnrin tí wọ́n lé, tí ẹ torí rẹ̀ yanṣẹ́ lódì, kí lorúkọ rẹ̀?

…O ò mọ̀ ọ́n?

Háà. Mú fóònù rẹ. Bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.