Ohun Tí Ìyá Oníṣu Sọ Nípa Ààrẹ

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí rédíò ní ìwádìí fi hàn pé àwọn tó fara mọ́ Ààrẹ ti dín kù gan-an.

Ìyá oníṣu kan yíjú sí bàbá tó jókòó tì í.

"Àlàájì, ẹ gbọ́ àbí? Nígbà tí mo ní ìlú ò rọgbọ, ẹ pè mí ní ọ̀tá ìjọba, ẹ sì lé mi jáde ní ìpàdé àdúgbò."

"Màmá, àwọn tó ṣe ìwádìí yẹn ò kúkú bi èmi léèrè."

"Bí wọ́n bá bi yín lónìí ńkọ́?"

"Ohun tí ẹ sọ náà ni n óò sọ."

Ìyá pàtẹ́wọ́, gbogbo ọkọ̀ hó yèè.

"Ó dáa! Ẹ tún un sọ ní ìpàdé Sátidé. Iwájú ni màá jókòó sí."