Àmì Tí Màmá Kékeré Pa Rẹ́

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ wá jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ogún ni mo torí ẹ̀ pè yín. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn ara mi yìí ò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kan sì wà nípa ìyá yín tí n kò gbọdọ̀ gbé lọ. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dá mi dúró. Ẹ má sì retí pé kí n sunkún. Mo ti wá ẹkún náà tì.

Ẹ mọ̀ pé àbúrò ìyá tó bí mi ni ìyá yín, òun ló sì tọ́ mi. Màmá Kékeré ni mò ń pè é. Ní kọ́ọ̀tù tó ti ń tẹ̀wé, Ọwọ́-Òjò ni wọ́n sọ ọ́, torí bí ìka rẹ̀ ṣe ń dún lórí bọ́tìnì bí òjò lórí páànù. Òun ló kọ́ mi ní títẹ̀wé kí irùngbọ̀n mi tó hù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ṣe ètò ìtẹ̀wé tuntun fún kọ́ọ̀tù yẹn, ó ń fi mí yangàn kiri.

Bọ́tìnì ìparẹ́ ni wọ́n fún mi ṣe. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Tí ẹ bá rí “ọ̀”, ẹyọ kan lojú yín rí, àmọ́ nínú ẹ̀rọ, mẹ́ta ló tò síbẹ̀: lẹ́tà fúnra rẹ̀, àmì ìsàlẹ̀, àti àmì ohùn. Téèyàn bá tẹ ìparẹ́, ẹnì kan ti ní láti pinnu ohun tí yóò lọ àti ohun tí yóò kù. Èmi ni ẹni náà. Mo kánjú. Mo rí i pé ojú kọ̀ǹpútà mọ́, n kò wò ó bóyá inú rẹ̀ mọ́. Nígbà míì, àmì téèyàn pa rẹ́ á kúrò lójú, á sápamọ́ sínú, tó bá di orí bébà, á yọjú.

Màmá Kékeré ló kọ́kọ́ rí i. Ó pè mí. “Ọmọ mi, mo ṣèèṣì tẹ ‘ọkọ̀’, mo pa àmì ẹ̀yìn rẹ́, ó di ‘ọkọ’ lójú mi báyìí. Ohun tó jáde ni pé ọkọ̀ olóògbé ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ. Adájọ́ ń bi mí bóyá bọ́ọ̀sì ni àbí kẹ̀kẹ́.” A rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì, mo yẹ iṣẹ́ mi wò, mo rí àṣìṣe náà kedere. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní, “Ṣé ẹlòmíì ti rí i?” Mo ní rárá. Ó ní, “Kọ́ọ̀tù míì fẹ́ gba ètò yìí lọ́wọ́ wa. Fi sílẹ̀ ná.” Mo fi sílẹ̀. Kò fipá mú mi.

Obìnrin kan wá rojọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹbí ọkọ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ. Wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀, ó ní òun ò gbà. Màmá Kékeré ṣèèṣì tẹ “òun ó gbà”, ó rí i, ó pa àmì náà rẹ́, ó fi èyí tó tọ́ sí i. “Òun ò gbà” ló wà lójú kọ̀ǹpútà. “Òun ó gbà” ló jáde. Adájọ́ àgbà tó dá ẹjọ́ náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin náà sọ̀rọ̀; ìwé ló kà. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ. Kí wọ́n tó dá wọn padà, èyí tó kéré jù ti gbàgbé ojú ìyá rẹ̀, ó ń sá fún un.

Nígbà tí obìnrin náà ta kú pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n pe Màmá Kékeré kó wá ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ wa wá dán an wò níwájú gbogbo èèyàn, èmi ni ọ̀gá mi sì rán. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kẹ́nikẹ́ni tó dé, mo wọ inú ètò náà, mo tún un ṣe. Kò le rárá. Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, mo fa àga fún un. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.” Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Bébà jáde, kò sí àṣìṣe kankan. Ó tún ṣe é. Ó tún ṣe é. Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bíi pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Ọ̀gá akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní, “Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ lọ sinmi nílé.” Mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ kọ́ ló burú jù. Ẹ̀yin lẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, tí dókítà ní ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ̀rù bà á. Ó ní, “Tí kì í bá ṣe ojú, a jẹ́ pé orí ni.” Láti ìgbà yẹn ni kò ti lè pa iná sítóòfù láì pe ẹnì kan wá bá òun wò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwa méjì péré la wà ní pálọ̀ yín. Ó di ọwọ́ mi mú. “Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yẹn. Má ṣàánú mi, sọ òótọ́. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé?” Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni mo ní láti sọ. Mo ní, “Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá.” Ó mi orí, ó ní kí n bá òun yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Mo yí i. A wo ìròyìn tán, mo lọ sílé, mo jẹun. N kò mọ nǹkan kan lára. Títí di òní, n kò mọ̀ ọ́n.

Ìwọ àbíkẹ́yìn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ohun tí òun rí kọ́ ló jáde, gba ẹni yẹn gbọ́ kí o tó gba ẹ̀rọ gbọ́. Ìwọ àkọ́bí, o sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá yín pé ẹ̀rù ń bà ọ́, pé tóo bá ti gbàgbé ibi tóo fi kọ́kọ́rọ́ sí, ọkàn rẹ á lọ sí àìsàn ìyá rẹ. Kò sí àìsàn kankan. Orí ìyá rẹ pé títí ó fi kú. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má dárí jì mí lónìí tí ẹ ò bá lè ṣe é. Ẹ ṣáà gba ìyẹn gbọ́.