Ohùn Tí Ó Ń Pe Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará, ìgò ẹ̀pà yíyan kan tí mo rà lójú títì láàárọ̀ yìí, owó rẹ̀ ju owó oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbà nígbà tí mo jáde ní yunifásítì lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀pà kọ́bọ̀ kan a kún àpò ṣòkòtò mi, a tún ṣẹ́kù sí ọwọ́. Àkàrà tọ́rọ́, odindi ilé ni yóò fi mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í rà nígbà náà, tí ẹ̀yin ìyá ọmọ ń fi owó gidi rà lónìí: ẹni tí yóò bá yín wo ọmọ láti ìgbà tí ilé-ìwé bá ti jáde títí ẹ ó fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́pà ni àwa máa ń wà. Àwọn òbí wa wà lóko. Bí aago ilé-ìwé bá ti lù, iwájú ilé rẹ̀ la ń gbà lọ. A ó máa bá a pa ẹ̀pà, a ó máa jẹ nínú rẹ̀, yóò sì ṣe bí ẹni tí kò rí wa. Bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, yóò dìde, yóò fi oríkì pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Àkànní o! Àṣàkẹ́ o! Àlàó o!" Èmi ni Àlàó. Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, ìyá náà kò ní jókòó mọ́ títí yóò fi rí i. Ó ti kú tipẹ́ kí n tó wọ yunifásítì.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo wá gba àdúrà ọ̀sán nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ń dúró lẹ́yìn ilé-ìwé nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, níbi tí Sístà Fúnmi ti ń tọ́jú wọn. Tiwalọlá, ọmọ tí Bísí àbígbẹ̀yìn mi bí, wà láàárín wọn. Èmi ni mo fún un ní oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Mo ní, "Olúwa, bá wa ṣọ́ wọn." Mo gbé orí lé ẹ̀yìn àga iwájú, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo gbójú sókè. Ìyá Ẹlẹ́pà ni, èèpo ẹ̀pà ṣì lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀.

"Àlàó, ìwọ rèé? O mà ti gbó jù mí lọ!"

"Ìyá, ṣé mo ti kú ni?"

"Bí o bá ti kú, ṣé eékún á ṣì máa dùn ọ́? Dìde, tẹ̀lé mi."

A sọ̀kalẹ̀ títí ooru fi ń jó mi lójú. Iná kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Ilẹ̀kùn ni, ilẹ̀kùn tó tò lọ tí ojú kò rí òpin rẹ̀, ẹkún ọmọ kan ṣoṣo sì ń ti ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn wá. Tọkùnrin tobìnrin ń sáré láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, awọ ọwọ́ wọn ti bó, wọ́n ń gbá a, wọ́n ń kígbe: "Ìwọ! Ìwọ ọmọ yìí! Ìwọ aláṣọ pupa!" Bí wọ́n bá ti sún mọ́ ẹkún náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mìíràn ni yóò tún ti máa dún.

"Kí ló dé tí wọn kò lè ṣí i?"

"Orúkọ ọmọ náà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀," ni Ìyá wí. "Ọwọ́ wọn ló dàgbà sí, wọn kò sì mọ̀ ọ́n."

Mo rí obìnrin kan tí òùngbẹ ti la ètè rẹ̀. Áńgẹ́lì kan gbé omi tútù dé iwájú rẹ̀, ó ní, "Ṣé o fẹ́ mu?" Ojú obìnrin náà ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ó ti mu, ó ti yó, ó sì ṣeré dáadáa." Áńgẹ́lì náà kọjá lọ. Ìyá ní, "Irọ́ tó ń pa fún àwọn ìyá ọmọ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, nígbà tí ebi ń pa ọmọ wọn."

Mo rí bàbá kan ní ẹnu géètì, báàgì ilé-ìwé ọmọdé tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn bí òkúta, ó ń wo ọ̀nà. Eruku á sọ lókèèrè, á fò sókè, ẹnikẹ́ni kò ní yọ. Ìyá ní, "Ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ ló dá òun dúró. Ilé àlè ló wà. Ọmọ ń dúró dè é."

Mo rí ọ̀gá kan tó kó ọmọ rẹpẹtẹ sọ́wọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo nítorí èrè. Àwọn ọmọ kún itan rẹ̀, gbogbo wọn ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ méjì péré ló ní, èyí tí kò bá sì gbé a di ẹyin iná lórí itan rẹ̀, a tún di ọmọ, a tún ké. Mo dijú. Mo ní, "Ìyá, ẹ mú mi kúrò níbí!"

A gòkè. Mo ti rò pé ọ̀run á dákẹ́ rọ́rọ́. Ariwo ọmọ ni mo bá! Wọ́n ń gun igi, wọ́n ń lé ara wọn, àwọn ìyá jókòó sábẹ́ ibòòji, ọmọ díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan, ojú wọn kò sì kúrò lára wọn. Nígbà tó yá, Ìyá Ẹlẹ́pà gbọn ìró rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

"Àkànní o!"

"Èmi rèé, Ìyá!" Àkànní tí mo bá wọn sin, ó tún di ọmọ kékeré aláìléyín.

"Àṣàkẹ́ o!"

"Mo wà ńbí!"

Omi ń bọ́ lójú mi. Mo ti la ẹnu láti dáhùn tèmi, ṣùgbọ́n kò pè mí. Ohun tó pè ni, "Àbẹ̀kẹ́ o!"

Kò sí Àbẹ̀kẹ́ nínú àwa tí a jọ pa ẹ̀pà. "Ìyá, Àbẹ̀kẹ́ wo?"

"Tìrẹ ni. Àbẹ̀kẹ́ o!" Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó yíjú sí mi. "Kò sí lọ́dọ̀ wa. Kò sì sí lọ́wọ́ yín. Ta ló ń pè é lọ́hùn-ún?"

"Ẹ má pè é mọ́, Ìyá! Ẹ jọ̀ọ́! Bó bá dáhùn ńkọ́?"

"Nígbà náà, sáré, Àlàó. Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò gbọ́."

Mo sáré, ilẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo ń ṣubú, mo ń dìde, mo ń rí ẹnu Ìyá tó ń là, mo ń pariwo kí ohùn tirẹ̀ má baà jáde, ni mo bá já lulẹ̀ láàárín àwọn àga ṣọ́ọ̀ṣì yìí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò sí ariwo ọmọ mọ́. Mo fi ọ̀pá mi tilẹ̀ jáde. Wọ́n ti fi àgádágodo ti gbọ̀ngàn. Sístà Fúnmi wà ní géètì, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, Bísí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Bísí ní, "Sístà, Tiwa dà?"

"Háà, Màmá Tiwa, ṣebí ẹ ti mú un lọ?"

"Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé yìí?"

Mo ní, "Fúnmi, ṣé o kà wọ́n kí o tó tilẹ̀kùn?"

"Bàbá, ṣé ẹran ni wọ́n ni? Ẹ̀yin àgbà náà lẹ ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"A kì í kà wọ́n. A máa ń pè wọ́n ni! Ṣílẹ̀kùn!"

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣà á, ó ṣílẹ̀kùn. Bísí wọlé, ó ń ké "Tiwa! Tiwa!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sí èsì. Mo di ògiri mú. Mo pè é bí a ti ń pè wá: "Àbẹ̀kẹ́ o!" Mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn wà níbì kan tó fẹ́ pè é. Mo tún fi gbogbo ẹ̀mí tó kù nínú mi pè é: "Àbẹ̀kẹ́ o!"

Nǹkan ha ilẹ̀kùn yàrá tí a ń kó aṣọ akọrin sí. Ohùn kan tó ti gbẹ ní, "Bàbá."

Eré bojúbojú ló ṣe wọ ibẹ̀, ilẹ̀kùn sì há mọ́ ọn. Nígbà tí a gbé e jáde, aṣọ rẹ̀ rin fún òógùn, ara rẹ̀ gbóná bí àdògán, ètè rẹ̀ ti funfun.

Ẹ̀yin ará, mi ò wá ṣépè fún Fúnmi. Ó wà lórí ìjókòó yẹn, ó ń sunkún. Òun nìkan la kó gbogbo ọmọ yẹn lé lọ́wọ́, a sì lọ jókòó. Ẹ wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, kí ọmọ má pọ̀ jù fún ojú. Kí ẹnikẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́la, ẹ pè wọ́n lórúkọ. Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, ẹ má lọ sílé. Bí ẹ̀yin kò bá pè wọ́n, mo ti gbọ́ ẹni tí yóò pè wọ́n.

Nínú àwa tí Ìyá Ẹlẹ́pà máa ń pè, Àkànní ti kú. Àṣàkẹ́ ti kú. Àjàní wà ní Iléṣà, kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá pè é lórí fóònù, ó ń jẹ́ mi. Àdùkẹ́, mi ò mọ ibi tó wà. Mo ṣì ń béèrè. Èmi Àlàó ṣì wà. Àbẹ̀kẹ́ náà wà láàyè. Òun ló wà lórí itan ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Láti Ọjọ́rú, kò jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn kankan.